Àpótí Bọ́tìnnì Mẹ́rin Tó Kù sí Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń ta bọ́tìnnì ní Ṣàpọ́n, ní Abẹ́òkúta. Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ó lè dà bí iṣẹ́ kékeré létí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí télọ̀ kan láti Ìgbẹ̀ìn dé Ìbarà tí kì í wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bọ́tìnnì, síìpù, òwú, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, rọ́bà ìdí ṣòkòtò, gbogbo ohun tó ń sọ aṣọ di wíwọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, nítorí náà Àlájà ni gbogbo ayé ń pè é, àwa ọmọ ilé náà ò sì pè é ní nǹkan mìíràn. Kò kàwé, kò sì tijú pé òun ò kà á. Ó ní ẹni tó bá lè fi ọwọ́ lásán mọ bọ́tìnnì ìwo yàtọ̀ sí bọ́tìnnì ike nínú òkùnkùn, ojú olúwarẹ̀ là.

Èmi ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ ni mo kàwé. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Àlájà ló sì gbé mi ró. Òun ló rán mi lọ sí ilé ìwé girama, òun náà ló rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé kan ní Ìgbẹ̀ìn. "Tíṣà mi" ló ń pè mí. Bí lẹ́tà bá dé, èmi ni. Bí ìwé bá ti ìjọba wá, èmi ni. Bí mo bá ń kà á fún un, kì í wo ìwé náà rárá. Ojú mi ló máa ń wò, bí ẹni pé ara ojú mi gan-an ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí.

Ó di ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá. Owó wa lágbára nígbà náà, obìnrin oníṣòwò a sì máa wọ bààlúù lọ ra ọjà bí ẹni ń lọ sí Ìbàdàn. Àlájà ti máa ń rán ẹni kan lọ ra bọ́tìnnì wá fún un láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni náà ló wá jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn èyí tó rẹwà jù, ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n.

Àlájà ní, "Nígbà tí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé odò, kí ló dé tí n ó fi máa ra omi lọ́wọ́ ẹni tó pọn ọ́n? Tíṣà mi, ìwọ lo máa jẹ́ ẹnu fún mi."

A dúró di ìgbà tí ilé ìwé wa gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la rà. Ọ̀kan jẹ́ àlọ àtàbọ̀ láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, èkejì jẹ́ àlọ àtàbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù sí Ítálì. Mi ò mọ̀ pé rírà tá a rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ kankan. Nígbà tá a ń lọ, a gba ẹrù wa ní Lọ́ńdọ̀nù, a fi í hàn àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, a sì tún gbé e fún àwọn tí bààlúù wọn ń lọ sí Ítálì. Ọjọ́ méjì la lò ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, nítorí náà mi ò rò ó sí nǹkan kan.

Ní Ítálì, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ bọ́tìnnì tá a lọ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju bí ewúrẹ́ ṣe gbọ́ ọ lọ. Mo sọ̀rọ̀ títí, ó kàn ń wò mí. Àlájà ló bọ́ síwájú. Ó mú bọ́tìnnì kan, ó fi eyín kan án, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú òmíràn, ó fi eyín kan án, ó mi orí pé ó dára. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fa àga fún un, àwọn méjèèjì sì fi ìka ọwọ́ ná ọjà náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn láìsí pé ẹnì kankan nílò mi. Mo dúró lẹ́yìn wọn bí òpó. Àpótí mẹ́rin la dì: èyí tó ń dán bíi wúrà, èyí tó rí bí ojú ẹja, èyí tí wọ́n fi ìwo ẹran ṣe, pẹ̀lú síìpù oríṣiríṣi. Àlájà fúnra rẹ̀ ló fi àgádágodo ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì so kọ́kọ́rọ́ wọn mọ́ etí ìró rẹ̀.

Lọ́jọ́ tá a máa bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan daṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, bààlúù wa sì pẹ́. Wákàtí mẹ́ta tó yẹ ká ní ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń yọ́ dànù lójú wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ẹrù wa ń kánjú. Ó so bébà mọ́ ọwọ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, ó ń tọ́ka sí i, ó sì ń sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ ò yé mi. Mo gbọ́ "Lọ́ńdọ̀nù." Mo gbọ́ "kọ́sítọ́ọ̀mù." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, mi ò tún gbọ́ ọ. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ti ń mí kanlẹ̀. Àlájà ń wo ojú mi.

Mo mi orí fún un. Mo ní mo ti gbọ́, mo dúpẹ́.

"Kí ló wí?" Àlájà béèrè.

"Ó ní ẹrù wa ń lọ tààrà sí Èkó."

Mi ò pè é ní irọ́ nígbà náà. Mo pè é ní àbá. Mo ti dúró lójú kan bí ọlọ́gbọ́n látàárọ̀ ọjọ́ tá a ti dé ilé iṣẹ́ bọ́tìnnì yẹn, mi ò ṣiṣẹ́ kankan. Mi ò lè sọ fún obìnrin tó ná owó lé mi lórí láti kékeré pé Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ olọ́mọ ò tíì yé èmi fúnra mi délẹ̀.

Nígbà tá a fi máa balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ kí bààlúù Èkó gbéra. A bọ́ sílẹ̀, a ń sáré. Ọ̀nà tó wà nínú ilé náà gùn, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, Àlájà sì sanra díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan gbé ìró rẹ̀ sókè. Nígbà tó yá, ọ̀nà pín sí méjì. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé kí àwọn tó fẹ́ wọ bààlúù mìíràn yà sọ́tùn-ún, kí àwọn tó fẹ́ gba ẹrù wọn, tí wọ́n á sì kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, máa lọ tààrà. Mo fà á lọ́wọ́ sọ́tùn-ún. Ó dúró.

"Tíṣà mi, ẹrù wa ńkọ́?"

"Ẹrù ti ń lọ, Àlájà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, àkókò ò sí."

"Ṣé a ò ní í gbà á ká fi hàn wọ́n? Nígbà tá à ń lọ, níbí náà la ti gbà á."

"Ìgbà yẹn yàtọ̀."

Ó tú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ bébà kékeré mẹ́rin tí wọ́n fún wa fún ẹ̀rí pé a ní ẹrù. Ó nà án sí mi.

"Wò ó. Nígbà tí mo ń ti Mẹ́kà bọ̀, lẹ́tà mẹ́ta ló wà lára bébà tí wọ́n so mọ́ ẹrù mi, roboto kan sì wà láàrin wọn. Ti Èkó nìyẹn. Èyí ò ní roboto. Lẹ́tà àkọ́kọ́ bára mu, ṣùgbọ́n roboto ò sí níbẹ̀."

Ẹni tó bá ti wọ bààlúù rí á mọ ohun tó ń wí. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe àmì ìlú tí ẹrù ń lọ. Ti Èkó, O wà láàrin rẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù ò ní O rárá. Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ti ka ohun tí èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí ò kà.

Mo rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù. Mo ní, "Àlájà, ṣé ẹ̀yin náà ti ń kàwé ni?" Mi ò wo bébà náà. Bí mo bá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán síbẹ̀.

Ó ká àwọn bébà rẹ̀, ó dá wọn padà sínú àpamọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé." Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Ó gbà mí gbọ́ ni.

Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn tábìlì gíga níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì ìwọkọ̀. Ó bi mí bóyá tààrà ni wọ́n fi ẹrù wa ránṣẹ́ sí Èkó. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ yé mi, ọ̀rọ̀ kan ò fò mí ru. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé òun lè rí bébà ẹrù náà. Mo wo aago ara ògiri, mo ní ìsàlẹ̀ àpamọ́wọ́ ni wọ́n wà, á pẹ́ ká tó rí wọn. Òun náà wo aago, ó wo Àlájà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fún wa ní káàdì. Nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn bààlúù, inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ.

Ní Èkó, rọ́bà gígùn tó ń gbé ẹrù kiri yí, ó yí, títí tó fi ku báàgì kan ṣoṣo tí kì í ṣe tiwa. Ọkùnrin tó máa ń bá Àlájà gba ẹrù kọjá lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ti ń dúró dè wá. Ajẹ́ntì la máa ń pè é. Ọmọ Ọ̀dẹ̀dá ni, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń bá a ṣiṣẹ́. Òun ló mọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ, òun ló mọ ẹni tó yẹ kéèyàn bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń tú àpótí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń dúró sí, ìdí òwú kan ò sì sọnù rí lójú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àlájà. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹrù ńkọ́?"

"Tíṣà ní tààrà ló ń bọ̀," ni Àlájà wí.

"Á bá bààlúù ọ̀la dé," mo ní. "Àkókò ló kéré ní Lọ́ńdọ̀nù."

Ó gba bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ Àlájà kó lè máa fi wá ẹrù náà. Ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì fi wọ́n sápò. Mo ṣe bí ẹni ń wá áńkáṣíìfù.

Bààlúù ọ̀la dé, ẹrù ò dé. Ti ọ̀túnla náà bẹ́ẹ̀. A padà sí Abẹ́òkúta, Ajẹ́ntì sì ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú lójoojúmọ́. Àwọn télọ̀ tí Àlájà ti ṣèlérí fún ń wá wo ojú rẹ̀ nítorí ọdún Iléyá tó ń bọ̀, ó sì ń bẹ̀ wọ́n.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé ìwé ti wọlé, ni Ajẹ́ntì wá bá mi ní Ìgbẹ̀ìn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Abẹ́ igi máńgòrò ló dúró sí, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. A ti rí wọn." Ó yọ lẹ́tà kan. "Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà. Mo gbìyànjú kà á, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wọn jinlẹ̀. Ohun tó yé mi ni pé kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ẹ bá mi kà á fún Àlájà."

Mo kà á níbẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù ló ní àpótí mẹ́rin wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní ibẹ̀ ló yẹ kí olóhun ti gbà wọ́n, ṣùgbọ́n kò yọjú. Wọ́n ní kí olóhun wá fúnra rẹ̀, tàbí kó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tó to gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá tí àwọn ò gbúròó ẹnì kankan, àwọn á tà wọ́n ní gbàǹjo.

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e lọ bá wọn fúnra yín?" mo bi í.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń kàwé fún wọn. Bí mo bá fi ẹnu lásán sọ ọ́, wọ́n á ní kí n dúró kí Tíṣà dé." Ó dé fìlà rẹ̀. "Tíṣà, ẹ tètè ṣe é o. Oṣù kan ti lọ níbẹ̀."

Mo ní kó má dààmú. Mo fi lẹ́tà náà sáàrin ìwé tí mo fi ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé Ṣàpọ́n lọ́jọ́ náà, Àlájà bi mí bóyá ọ̀rọ̀ kankan ti dé. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà létí ìró rẹ̀. Bí mo bá béèrè wọn, á béèrè ìdí rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé èmi ni mo kọjá lára ẹrù rẹ̀ tí mo sì rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ṣì ń wá a."

Mo kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù ní bòókẹ́lẹ́, mo fi àdírẹ́sì ilé ìwé wa sí i. Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù tí mo kọ rí láyé mi nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n já àgádágodo náà, kí wọ́n sì máa gbé ẹrù náà bọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi retí èsì. Nígbà tó dé, ìlà mẹ́ta péré ni: àwọn ò lè já ohun tí olóhun tì, kí olóhun wá, tàbí kí kọ́kọ́rọ́ dé.

Àárín ìgbà yẹn ni nǹkan bàjẹ́. Obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí ti Àlájà gbé bọ́tìnnì tuntun jáde, èyí tó rí bí ojú ẹja gẹ́lẹ́. Bóyá Èkó ló ti rà á, bóyá Kútọnu, mi ò mọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ò ṣe é fún Àlájà nìkan. Ṣùgbọ́n Àlájà mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ó fi eyín kan án, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ẹrù òun ti dé tipẹ́. Ó ní ẹni tó gbà á ló tà á.

Ó ránṣẹ́ pe Ajẹ́ntì. Ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ Sátidé, oòrùn ti mú, Ṣàpọ́n sì kún fọ́fọ́. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń bá a ka síìpù. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò tíì dìde tán tí Àlájà fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọdún mẹ́wàá lo fi ń jẹ lọ́dọ̀ mi. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Àlájà, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bọ́tìnnì mi ló wà níwájú yẹn! Olè ni ọ́! Ẹ̀yin ará Ṣàpọ́n, ẹ wá wo olè o!"

Àwọn èèyàn yí wa ká. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù jáde, àwọn télọ̀ dúró, awakọ̀ kan pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Ajẹ́ntì ò bínú. Ó yà mí lẹ́nu pé kò bínú. Ó yíjú sí mi bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò ní í pẹ́ tán.

"Tíṣà, lẹ́tà tí mo gbé wá fún yín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wọn."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Àlájà náà wo ojú mi, bó ṣe máa ń wò ó.

Mo ní, "Lẹ́tà wo?"

Ó tún wò mí. Ẹnì kan láàrin èrò ní, "Ẹ gbọ́ ọ, ó fẹ́ fi Tíṣà bojú." Wọ́n ń hó lé e lórí. Ọ̀kan nínú wọn gbá fìlà orí rẹ̀ ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó sì rọra gba àárín wọn kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Mo jókòó, mo ń ka síìpù tí mo ti kà tẹ́lẹ̀.

Àwọn oníṣòwò yòókù tó ń bá ṣiṣẹ́ gba ẹrù wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ta ló fẹ́ fi ẹrù lé olè lọ́wọ́? Mo gbọ́ pé ó ti fi Èkó sílẹ̀, ó padà sí Ọ̀dẹ̀dá, ó ń dá oko ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìwé kan tún ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí ilé ìwé wa, pé wọ́n ti ta àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gbàǹjo. Mo sun ìwé náà pẹ̀lú ti ìṣáájú.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn ló mú kí n sọ ọ́, bí mo tilẹ̀ fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àlájà ló ní ká tún lọ sí Ítálì. Ó ní ẹ̀rù ò ba òun mọ́, níwọ̀n bí Tíṣà òun bá ti wà pẹ̀lú òun. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ọ̀dọ́mọkùnrin Ítálì dé orí ìwé tí mo sun.

Kò sunkún, kò sì lù mí. Ó ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá béèrè pé, "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin. Àti ọkùnrin náà."

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

"Àlájà, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní Ṣàpọ́n."

"Èmi ni mo pè é lólè, kì í ṣe ìwọ. Ẹnu mi ni gbogbo ayé fi gbọ́ ọ. Bí o bá jáde lọ sọ ọ́, èmi lo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjọ́ ogbó mi. O ti gba ẹrù mi, ṣé o tún fẹ́ gba ojú tí mo fi ń wo èèyàn?" Ó dìde. "Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé ìwé kankan fún mi kà mọ́. Ó ń gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan ní àdúgbò wa, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé. Ojú bàbá náà ò ríran dáadáa mọ́, ó ní láti fi gíláàsì wo ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Àlájà a sì jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kò yé fún mi lóúnjẹ. Kò yé béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní "Tíṣà mi" mọ́. "Tíṣà" ló ń pè mí, bí àwọn ará ìta ṣe ń pè mí.

Mo dá lọ sí Ọ̀dẹ̀dá láìsọ fún un. Mo bá ọkùnrin náà níwájú ilé rẹ̀ níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó ti gbẹ. Ó fún mi ní àga, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún mi, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Tíṣà," bí ẹni pé ìpàdé òbí ló gbé mi wá. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Mo kúnlẹ̀ lórí eèpo ẹ̀gẹ́.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo rí bébà yẹn lọ́wọ́ Àlájà. Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín ni. Mo ní ẹni tó kàwé ò lè ṣe é kó má sọ ọ́."

"Ẹ dárí jì mí."

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn ní Ṣàpọ́n?"

Mo wo eèpo ẹ̀gẹ́ tó wà lábẹ́ orúnkún mi.

"Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbá fìlà mi ṣubú. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀ ń bẹ̀ mí ní Ọ̀dẹ̀dá níbí, ta ló ń gbọ́ ọ? Ewúrẹ́ ni?" Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́. "Ẹ dìde, Tíṣà. Ìró yín ti dọ̀tí."

Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ lọ tààrà sí Ṣàpọ́n lọ́jọ́ náà. Mi ò lọ. Mo ní Àlájà ló ń dá mi dúró, mo sì rọ̀ mọ́ àwáwí yẹn títí Àlájà fi kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ajẹ́ntì ti kú ṣáájú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo tó gbọ́.

Nígbà tá a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ Àlájà tán, mo lọ sí Ṣàpọ́n láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo bá obìnrin tó ta bọ́tìnnì ojú ẹja nígbà yẹn, òun ti di ìyá àgbà, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n hó lé ọkùnrin náà lórí. Mo jókòó láàrin wọn. Mo sọ ọ́ láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀: pé lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ mi, pé mo purọ́ níwájú wọn, pé ọkùnrin náà ò mú abẹ́rẹ́ kan.

Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá àgbà náà wá di ọwọ́ mi mú, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ kú ọkàn rere o, Tíṣà," ó ní. "Ọlọ́run á gbà á fún yín. Àlájà ló tọ́ yín, ó hàn. Olè yẹn kó yín lẹ́rù lọ, ó sì kú tán, ẹ tún fẹ́ bo àṣírí rẹ̀."

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ń mi orí, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ní irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n lóde òní. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, wọ́n fi bọ́tìnnì méjìlá sínú bébà fún mi, wọ́n ní kí n fi rán aṣọ àwọn ọmọ mi, wọn ò sì jẹ́ kí n kọ̀ ọ́.